Ṣé Las Vegas ti ń kú ni, àbí ó kàn ń lé olówó kékeré dànù?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester

Ẹ ǹlẹ́ níbí o. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin máa pé àádọ́ta ọdún lóṣù October, a sì ń gbèrò láti lọ ṣe é ní Las Vegas. Obìnrin mẹ́jọ ni wá: mẹ́rin láti Manchester, mẹ́rin láti Houston. Owó àjọ la fẹ́ fi lọ, kì í ṣe owó ọlọ́lá. Ṣùgbọ́n gbogbo fídíò tó ń yọ sí mi báyìí ló ń sọ pé Vegas ti kú, pé Strip, òpópónà tí àwọn ilé tẹ́tẹ́ ńláńlá wà, ti dá páropáro, pé ike omi kan ti di dọ́là 26. Àwọn míì ní ariwo lásán ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí, ṣé adùn ìlú náà ti tán lóòótọ́? Tí kò bá tíì tán, ibo ni owó wa máa gbà jò? Ẹ má fọ̀rọ̀ dídùn tàn wá o.

———

Dílà Fremont

Kò kú. Àmọ́ àwọn tó ṣe fídíò yẹn náà ò parọ́ tán.

Àjọ LVCVA tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àlejò ní ìlú náà máa ń gbé iye èrò jáde lóṣooṣù, ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Ọdún 2016 ni èrò pọ̀ jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 43. Ní 2019 ó jẹ́ mílíọ̀nù 42.5. Kòrónà dé, ó já sí mílíọ̀nù 19 ní 2020. Ó wá ń gun òkè bọ̀ títí ó fi dé mílíọ̀nù 41.7 ní 2024. Ọdún 2025 ni nǹkan yí padà: lóṣù June nìkan, iye àlejò fi ìdá 11.3 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti June ọdún tó ṣáájú. Kì í ṣe kékeré rárá. Síbẹ̀, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ló wọ ìlú náà lóṣù kan ṣoṣo yẹn. Ìlú wo ló ń jẹ́ òkú ìlú tí èrò tó tó yẹn ń wọ̀?

Ní ti fídíò Strip tó dá páropáro, ẹ wo ibi tí òjìji èèyàn wà nínú rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni wọ́n sábà máa ń ya á, lóṣù July tàbí August. Aṣálẹ̀ ni Las Vegas. Ní ọjọ́ keje oṣù July 2024, oòrùn ibẹ̀ dé ìwọ̀n 48.9 lórí Celsius, kò sí irú ẹ̀ rí nínú àkọsílẹ̀ ìlú náà. Ta ló fẹ́ rìn níta nínú ooru yẹn? Inú ẹ̀rọ amúlétutù ni gbogbo èèyàn ń sá sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá èrò wà, kó yà á ní aago mẹ́wàá alẹ́ Sátidé.

———

Ará Dallas

Ẹ̀gbọ́n Dílà, ẹ rọra o. Oòrùn kọ́ ló lé èèyàn lọ. Oòrùn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dá ìlú náà sílẹ̀ ní 1905. Ojúkòkòrò ni.

Kí ló ń gbé èèyàn lọ sí Vegas tẹ́lẹ̀? Àwọn tó ni ilé tẹ́tẹ́ máa ń fi oúnjẹ, ọtí, yàrá àti eré fa ojú yín mọ́ra, wọ́n á wá gba owó wọn padà nídìí tẹ́tẹ́. Ẹ mọ̀ pé ẹ máa pàdánù, ṣùgbọ́n inú yín ń dùn. Ẹ wo ohun tó ti lọ. Òkè oníná iwájú Mirage tó ń bú gbàù lọ́fẹ̀ẹ́ lálaalẹ́, òtẹ́ẹ̀lì náà ti ilẹ̀kùn ní July 2024. Ọkọ̀ ojú omi àwọn ajalèlókun níwájú Treasure Island, wọ́n ti dá a dúró láti 2013. Páàkì ọkọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí Strip tẹ́lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì MGM bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó ní 2016, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Bọ́fẹ́ẹ̀ tí olówó kékeré fi ń yó, púpọ̀ nínú wọn ti ilẹ̀kùn nígbà kòrónà tí wọn ò sì ṣí i mọ́.

Ọtí ọ̀fẹ́ ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ báà tó ní ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ káàdì tí wọ́n ń pè ní video poker, wọ́n ti so iná kékeré mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, oníbáà nìkan ló ń rí i. Tí ẹ kò bá tíì ta tó iye tí wọ́n fẹ́, iná náà ò ní tàn, oníbáà á sì máa ṣe bí ẹni tí kò rí yín. Ẹ rò ó wò: wọ́n fi iná ṣọ́ ife ọtí kan!

———

Akọ̀wé Owó

Ará Dallas, òótọ́ pọ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ sọ, àmọ́ "ojúkòkòrò" kò ṣàlàyé nǹkan kan. Ojúkòkòrò wà ní 1970 náà. Kí ló wá yí padà?

Ohun méjì. Èkíní, ilé tẹ́tẹ́ kọ́ ni òwò wọn mọ́. Láti nǹkan bí 1999 ni owó yàrá, oúnjẹ, ọtí àti eré ti ju owó tẹ́tẹ́ lọ lórí Strip. Nígbà tí tẹ́tẹ́ ń pa owó tó pọ̀ jù, ó bójú mu kí oúnjẹ máa pàdánù. Nígbà tí oúnjẹ ti di òwò gangan, tó ní ọ̀gá tirẹ̀ àti ìwé owó tirẹ̀, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kó pàdánù mọ́.

Èkejì, tí ọ̀pọ̀ àlejò ò mọ̀: àwọn tó ń ṣe òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá yẹn, ayálégbé ni púpọ̀ nínú wọn. Ní 2019, MGM ta ilé àti ilẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì Bellagio fún ilé-iṣẹ́ ìdókòwò Blackstone ní bílíọ̀nù dọ́là 4.25, ó sì háyà rẹ̀ padà lọ́jọ́ yẹn, mílíọ̀nù 245 lọ́dún ni owó ilé níbẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ VICI ló ni ilẹ̀ Caesars Palace, òun náà ló ni ti MGM Grand àti Venetian. Bí èrò wá, bí èrò ò wá, onílé á gbowó ilé rẹ̀, ó sì máa ń fi kún un lọ́dọọdún. Ẹ wá sọ fún mi ibi tí ayálégbé ti máa rí i, bí kò ṣe nínú kọfí yín àti páàkì yín.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó dùn mí jù. Ní 2019, gbogbo ilé tẹ́tẹ́ Nevada, ìpínlẹ̀ tí Las Vegas wà, pa bílíọ̀nù dọ́là méjìlá. Ní 2024, wọ́n pa nǹkan bí 15.6. Àlejò Las Vegas sì dín ní 2024 sí ti 2019, ẹ padà lọ wo iye tí Dílà kọ sókè. Èrò dín, owó gòkè. Fún ọdún márùn-ún gbáko, ohun tí ìwé owó ń sọ fún wọn ni pé ẹ gba púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi tètè gbọ́ igbe, àfìgbà tí èrò já lulẹ̀ ní 2025. Bill Hornbuckle tó jẹ́ ọ̀gá MGM gbà á lẹ́nu ara rẹ̀ ní October ọdún yẹn pé àwọn ṣàṣejù ní òtẹ́ẹ̀lì bí Excalibur, pé yàrá dọ́là 29 àti kọfí dọ́là 12 kò bára mu.

Fún ìdí èyí, ìdáhùn mi sí Ọmọ Ìjẹ̀bú ni pé Vegas kò kú, olówó kékeré ló ti fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ó sì ku ẹ̀yin náà kẹ́ ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa wọlé láì jẹ́ kó rọ́ yín.

———

Ará Dallas

Owó ilé tàbí ojúkòkòrò, ọ̀kan náà ni lápò mi. Ta ló ní kí wọ́n ta ilé?

———

Akọ̀wé Owó

Àwọn tó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà ni. Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò bílì kan, torí ibẹ̀ ni owó àjọ ti máa ń jò.

Ká ní ẹ rí yàrá lórí Strip ní dọ́là 60 lálẹ́ kan, àárín ọ̀sẹ̀, alẹ́ mẹ́ta. Ẹ rò pé 180 ni. Wọ́n á fi owó rẹ́sọ́ọ̀tì lé e, tí wọ́n ní ó wà fún wáyà-fáyà àti ibi eré ìdárayá, bóyá ẹ lò ó o, bóyá ẹ ò lò ó. Ọ̀pọ̀ ilé tó tóbi ń gba 35 sí 55 lálẹ́ kan. Ẹ mú 50: ó di 150. Àpapọ̀, 330. Owó orí yàrá lórí Strip jẹ́ nǹkan bí ìdá 13.38 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ń gbà á lórí owó rẹ́sọ́ọ̀tì náà. Ó di 374. Tẹ́ ẹ bá wa ọkọ̀, ẹ fi páàkì 20 lójúmọ́ kún un: 434. Yàrá dọ́là 60 ti di 145.

Láti ọjọ́ 12 oṣù May 2025, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ní kí òtẹ́ẹ̀lì máa gbé owó tó pé jáde láti ojú ewé àkọ́kọ́, tòun ti owó rẹ́sọ́ọ̀tì. Wọ́n ń ṣe é. Àmọ́ owó orí ṣì lè wà lẹ́yìn, páàkì sì wà lẹ́yìn dájúdájú. Òfin náà ò sì dín kọ́bọ̀ kù, ó kàn jẹ́ kẹ́ ẹ rí ọ̀bẹ kó tó gún yín.

Nǹkan míì tó máa ń ba àlejò lójijì: owó ìdúró. Nígbà tẹ́ ẹ bá wọlé, òtẹ́ẹ̀lì á dá owó kan dúró lórí káàdì yín, ó lè jẹ́ 100 dọ́là lálẹ́ kan, yàtọ̀ sí owó yàrá. Tó bá jẹ́ káàdì débíìtì, owó yín gangan ni wọ́n gbé pamọ́, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ kúrò kó tó padà. Káàdì krẹ́díìtì ni kẹ́ ẹ lò.

Omi dọ́là 26 ńkọ́? Inú fìríìjì kékeré tó wà nínú yàrá ni. Ọ̀pọ̀ nínú fìríìjì yẹn ní ẹ̀rọ tó ń mọ ìwọ̀n: tẹ́ ẹ bá gbé nǹkan kúrò lórí àyè rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ó ti wọ bílì, bẹ́ ẹ tiẹ̀ dá a padà. Tẹ́ ẹ bá kó jọ́lọ́ọ̀fù wá láti Houston, ẹ má ṣe kó o sínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé fìríìjì òfìfo wá, ẹ béèrè èló ni wọ́n ń gbà fún un. Àwọn ilé ìtajà Walgreens àti CVS wà lórí Strip fúnra rẹ̀, ẹ ra páálí omi níbẹ̀.

Ẹ sì ka rìsíìtì ilé oúnjẹ dáadáa. Owó orí ọjà níbẹ̀ jẹ́ ìdá 8.375. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà míì tí wọ́n kọ CNF sí, owó tí ilé oúnjẹ náà fi kún un fúnra rẹ̀ ni, ìjọba kọ́ ló gbé e kalẹ̀. Ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́. Àwọn kan á yọ ọ́, àwọn kan á wò yín bí ẹni tó wá láti oko.

———

Àgbà Kàlòkàlò

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ omi àti páàkì. Ṣé kò sẹ́ni tó ń ta tẹ́tẹ́ mọ́ ni?

———

Dílà Fremont

Bàbá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ dá wa padà sọ́nà. Ibẹ̀ gan-an ni ìlú náà ti yí jù, ariwo rẹ̀ ò sì tó ti omi.

Ẹ mú eré káàdì blackjack. Láyé àtijọ́, tẹ́ ẹ bá gba ace àti káàdì mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń pè ní blackjack gangan, ilé á san 3 fún 2: ẹ fi dọ́là 25 sílẹ̀, ẹ gba 37.50. Lónìí, ọ̀pọ̀ tábìlì olówó kékeré lórí Strip ti di 6 fún 5: lórí 25 kan náà, 30 lẹ máa gbà. Dọ́là méje àbọ̀ ti wọlẹ̀. Káàdì yẹn máa ń wá lẹ́ẹ̀kan nínú nǹkan bí ìtà 21. Dílà tó yára lè tà tó ìgbà 70 ní wákàtí kan, èyí ni blackjack mẹ́ta sí mẹ́rin. Nǹkan bíi dọ́là 25 ni ẹ ń sọ nù ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kìkì nítorí nọ́ńbà méjì tí wọ́n kọ sára aṣọ orí tábìlì. Tábìlì 3 fún 2 tó ní òfin tó dáa, ohun tí ilé ń jẹ nínú owó tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 6 fún 5, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdá 2.

Ẹ má bi ẹnikẹ́ni. Ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ wo àárín aṣọ náà, níbi tí wọ́n ti tẹ lẹ́tà roboto yí i ká. 6 to 5 ló wà níbẹ̀? Ẹ yí padà. Bí aṣọ náà ò bá kọ nǹkan kan, pátákó kékeré ẹ̀gbẹ́ dílà ló máa sọ ọ́.

Roulette, kẹ̀kẹ́ onínọ́ńbà tí wọ́n ń yí, náà ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ tó ní òdo kan, ilé ń jẹ ìdá 2.70. Olódo méjì, ìdá 5.26. Ní 2016 ni Venetian gbé olódo mẹ́ta wọ Strip, ìdá 7.69, àwọn yòókù sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń fi dọ́là mẹ́wàá sílẹ̀ nígbà ogójì ní wákàtí kan, ẹ máa sọ nǹkan bíi 11 nù lórí àkọ́kọ́, 21 lórí èkejì, 31 lórí ẹ̀kẹta. Wọ́n máa ń fi àmì ilé-iṣẹ́ wọn bo òdo kẹta, torí náà ẹ ka àyè aláwọ̀ ewé, ẹ má wo ohun tí wọ́n yà sínú rẹ̀.

Kàlòkàlò tí Bàbá fẹ́ràn ló burú jù. Àwọn tó jẹ́ sẹ́ńtì kan lórí Strip ń jẹ ju ìdá 10 lọ nínú gbogbo owó tó gba inú wọn kọjá. Orúkọ lásán sì ni sẹ́ńtì kan, torí ìtẹ̀ kan lè gba sẹ́ńtì 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Video poker sàn, tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n kà. Lórí irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Jacks or Better, ẹ wo ìlà full house àti flush, orúkọ àkójọ káàdì méjì tó ń sanwó, kẹ́ ẹ wo iye tó ń san lórí owó kan: tó bá jẹ́ 9 àti 6, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta á gba ìdá 99.54 padà, tó bá jẹ́ 8 àti 5, ìdá 97.30. Ẹ̀rọ kwọ́tà (sẹ́ńtì 25), márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 500 ní wákàtí kan: dọ́là 625 ló kọjá. Lórí àkọ́kọ́, nǹkan bí 3 dọ́là ló lọ. Lórí èkejì, 17. Ẹ̀rọ méjèèjì lè wà nínú ilé kan náà.

Tẹ́ ẹ bá ń retí yàrá ọ̀fẹ́ nítorí tẹ́tẹ́, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀. Iye tẹ́ ẹ ń fi sílẹ̀, lọ́nà iye ìtà ní wákàtí kan, lọ́nà wákàtí, lọ́nà ìdá tí ilé ń jẹ. Dọ́là 25, ìtà 70, wákàtí mẹ́rin, ìdá 2: dọ́là 140 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún yín, bẹ́ ẹ jẹ o, bẹ́ ẹ pàdánù o. Nínú ẹ̀, wọ́n lè dá ìdá 20 sí 40 padà, ìyẹn oúnjẹ ẹnì kan. Ẹ gba káàdì ẹlẹ́gbẹ́ wọn torí ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹ má tìtorí rẹ̀ ta ju bó ṣe yẹ lọ.

Ibi tó ṣì dáa? Ẹ kúrò lórí Strip. El Cortez ní ìsàlẹ̀ ìlú, tó ti wà láti 1941, làwọn tó mọ blackjack máa ń lọ torí páálí káàdì kan ṣoṣo tó ń san 3 fún 2. South Point ní gúúsù ìlú, àwọn ará ìlú fúnra wọn ló ń kún ibẹ̀, páàkì sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó ń gbé níbẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n fi 6 fún 5 fá òun lórí.

———

Ìyá Peckham

Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ yín dáa, àmọ́ ẹ ti gbàgbé ìdajì ìbéèrè náà. Kì í ṣe owó nìkan ló dín èrò kù ní 2025. Kánádà ló ń kó àlejò ilẹ̀ òkèèrè wá sí Vegas jù. Nígbà tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó bodè àti "ẹ wá di ìpínlẹ̀ wa" sí wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àwọn ò lọ Amẹ́ríkà mọ́. Ọkọ̀ òfuurufú dín ìjókòó kù. Ẹ ò lè fi òdo roulette ṣàlàyé ìyẹn.

Fún àwọn mẹ́rin tó ń bọ̀ láti Manchester: páspọ́ọ̀tù wo ni wọ́n ní? Tó bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ESTA, ìyẹn àṣẹ ìwọlé tí wọ́n ń gbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n nílò, owó rẹ̀ ti kúrò ní dọ́là 21, ó di nǹkan bí 40 láti òpin September 2025. Ojú òpó ìjọba Amẹ́ríkà gangan ni kí wọ́n ti ṣe é, torí àwọn agbowókówó ti kún Google tí wọ́n ń gba ìlọ́po méjì rẹ̀. Tó bá jẹ́ páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni ẹnì kan nínú wọn ní, bó ti wù kó pẹ́ tó ní London tàbí Manchester, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Àṣẹ tí ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní December 2025 dá fífún ọmọ Nàìjíríà ní físà ìbẹ̀wò tuntun dúró láti ọjọ́ kìíní January 2026. Ti orílẹ̀-èdè Benin náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tí físà rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú kò sí nínú èyí. Ẹ yanjú ìyẹn kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Nǹkan kejì, owó orí lórí ohun tẹ́ ẹ bá jẹ. Tí kàlòkàlò bá san owó ńlá, ilé á dá ẹ̀rọ náà dúró, wọ́n á mú fọ́ọ̀mù wá. Ó ti pẹ́ tí iye yẹn ti wà ní dọ́là 1,200, ó ti di 2,000 láti January 2026. Àlejò ilẹ̀ òkèèrè, ìdá 30 ni wọ́n máa yọ níbẹ̀. Àdéhùn wà láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà tó yọ ará Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó nílò ITIN, nọ́ńbà owó orí Amẹ́ríkà, kó tó lè lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á yọ ọ́, á sì máa kọ̀wé kiri láti gbà á padà. Àwọn eré orí tábìlì bíi blackjack, roulette, craps àti baccarat ò sí nínú ìyọkúrò yìí fún àlejò. Àwọn ará Houston ní tiwọn, láti 2026, ìdá 90 péré nínú ohun tí wọ́n pàdánù ni wọ́n lè fi dín owó orí kù. Ẹni tó jẹ 10,000 tó sì pàdánù 10,000, ìjọba á sọ pé ó ṣì jẹ èrè 1,000.

———

Ará Dallas

Èyí ni mo ń sọ! Ẹ pàdánù tán, ẹ tún san owó orí lé e.

———

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester

Ẹ ṣé gan-an ni. Páspọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo àwa mẹ́rin ní. Ẹnì kan nínú àwọn ará Houston ní òun àti àfẹ́sọ́nà òun fẹ́ kúkú ṣègbéyàwó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé òótọ́ ni pé ó rọrùn tó bí wọ́n ṣe ń sọ?

———

Ìyá Peckham

Ó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ìyá rẹ̀ fi máa bínú. Ọ́fíìsì ìwé àṣẹ ìgbéyàwó ti Clark County, agbègbè ìjọba tí Las Vegas wà, ń ṣí láti aago mẹ́jọ àárọ̀ dé ọ̀gànjọ́, lójoojúmọ́. Ìdánimọ̀ tí ìjọba fún wọn àti dọ́là 102, kò sí ìdúró ọjọ́ kankan, kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ìwé àṣẹ nìyẹn o, kì í ṣe ìgbéyàwó. Wọ́n ṣì máa nílò ẹni tí wọ́n fún láṣẹ láti so wọ́n pọ̀ àti ẹlẹ́rìí kan. Ẹni tó so wọ́n pọ̀ ló máa dá ìwé padà sí ọ́fíìsì náà, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó ra ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀. Ẹ̀dà yẹn ni ilé ìfowópamọ́ àti àwọn tó ń yí orúkọ máa béèrè. Ìdána àti ẹ̀kọ́ ìyàwó, kí wọ́n lọ bá ìyá wọn sọ ọ́.

———

Àgbà Kàlòkàlò

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Tí ìpínlẹ̀ gbogbo bá ti ní ilé tẹ́tẹ́ tiwọn, tí fóònù sì ti di ilé tẹ́tẹ́, kí ló kù fún Vegas? Ṣé kò ní dà bí Atlantic City?

———

Akọ̀wé Owó

Ìbéèrè tó nípọn nìyí. Atlantic City ṣí ilé tẹ́tẹ́ ní 1978, fún ọ̀pọ̀ ọdún òun nìkan ló wà ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Pennsylvania tó múlé tì í ṣí tirẹ̀ láti 2006. Ní 2014, ilé mẹ́rin nínú méjìlá ti ilẹ̀kùn láàárín ọdún kan: Atlantic Club, Showboat, Revel àti Trump Plaza. Tẹ́tẹ́ nìkan ló ń tà. Nígbà tí tẹ́tẹ́ dé ìtòsí ilé oníbàárà, kò sóhun tó kù tí wọ́n máa wakọ̀ lọ síbẹ̀ fún.

Vegas ti rí irú ẹ̀. California gba àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ láyè láti ṣí kàlòkàlò ní 2000. Macau kọjá Strip ní owó tẹ́tẹ́ ní 2006. Ilé ẹjọ́ tó ga jù sì gba gbogbo ìpínlẹ̀ láyè láti ṣe tẹ́tẹ́ eré ìdárayá ní May 2018. Kò kú nínú gbogbo rẹ̀, torí ó ń sá síwájú tẹ́tẹ́: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Raiders dé ní 2020, Sphere, gbọ̀ngàn eré olóbìrìkìtì tó ná wọn ní bílíọ̀nù 2.3 ṣí ní September 2023, ìdíje ọkọ̀ Formula 1 dé ní November ọdún yẹn, Super Bowl, àṣekágbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, dé ní February 2024. Wọ́n wó òtẹ́ẹ̀lì Tropicana ní October 2024 láti fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ pápá ìṣeré.

Ará Dallas á sọ pé olówó ni gbogbo ìyẹn wà fún. Mo gbà. Àlejò tó wá wo Formula 1 kì í padà wá lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún bí ará California tó ń wakọ̀ gba ọ̀nà I-15 fún wákàtí mẹ́rin, tó wá ta ọgọ́rùn-ún méjì dọ́là, tó jẹun, tó padà sílé. Irú ẹni yẹn ló ń kún yàrá lọ́jọ́ Tuesday. Ibi tí mo rò pé wọ́n ti ṣìnà nìyẹn: pápá ìṣeré ń kún lọ́jọ́ díẹ̀ lọ́dún, yàrá ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ ń dúró de èrò lálaalẹ́.

———

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester

Ó yé mi. Ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀: ọjọ́ wo, yàrá mélòó? Àwọn ará Houston ní ká kó ara wa sí yàrá méjì, mẹ́rin-mẹ́rin, torí owó rẹ́sọ́ọ̀tì.

———

Dílà Fremont

October dáa, ooru ti rọlẹ̀. Ẹ wọlé ní Sunday, ẹ jáde ní Thursday. Friday àti Sátidé ni owó yàrá máa ń fò. Kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́, ẹ wo kàlẹ́ńdà ìpàdé ńlá lójú òpó LVCVA. Ìpàdé kan tó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wá lè sọ yàrá 60 di 300 ní àárín ọ̀sẹ̀. Bó bá sún sí November, ẹ sá fún SEMA, ìpàtẹ ohun èlò ọkọ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù àti Formula 1 lẹ́yìn rẹ̀. January náà, CES, ìpàtẹ ẹ̀rọ ìgbàlódé.

Ẹ gba yàrá tó ṣeé fagi lé, tààrà lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì, ẹ sì ka iye wákàtí tí wọ́n fún yín láti fagi lé e. Ẹ máa padà wo owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá já, ẹ gba tuntun kẹ́ ẹ tó fagi lé ti àtijọ́. Láti pápákọ̀ òfuurufú, táksí tó ń lọ sí Strip ní iye kan pàtó fún agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé iye yẹn lẹ fẹ́ kẹ́ ẹ tó jókòó. Ẹni tó bá ń lo mítà tó sì gba ihò abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ọ̀nà ńlá, ọ̀nà jíjìn ló ń gbé yín gbà.

———

Akọ̀wé Owó

Ní ti yàrá, òótọ́ ni pé orí yàrá ni owó rẹ́sọ́ọ̀tì wà, kì í ṣe orí èèyàn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ń gba owó lórí ẹni kẹta àti ẹni kẹrin nínú yàrá kan, ẹ fi sí 35 lálẹ́ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Yàrá mẹ́rin, 60 àti 50, jẹ́ 440 lálẹ́ kan kí owó orí tó wọ̀ ọ́. Yàrá méjì, tòun ti èèyàn méjì àfikún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 360. Ọgọ́rin dọ́là lẹ fi jèrè, ìyẹn mẹ́wàá mẹ́wàá lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Dọ́là mẹ́wàá ò tó kí obìnrin mẹ́rin tó ń múra òde àádọ́ta ọdún máa dúró de ara wọn nídìí dígí balùwẹ̀ kan. Ẹ gba mẹ́rin.